Aṣọ Tí Bàbá Télọ̀ Rán fún Ọkọ̀ Dádì

Nínú ilé tí a ń gbé ní Ẹgbẹ́dá nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ariwo mẹ́ta ló máa ń jí mi láràárọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó máa ń gbá àgbàlá láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ìdí kànga bí ẹni pé ilẹ̀ náà ṣẹ̀ ẹ́. Èkejì ni ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá Télọ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé, tí kì í dúró de oòrùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀kẹta, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí, ni ohùn bàbá mi tó ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Á dúró tì í pẹ̀lú aṣọ ìnu lọ́wọ́, á béèrè bóyá ó sùn dáadáa, á sì máa bá a kẹ́dùn lórí ohun tí àwọn ẹyẹ ṣe sí i lórí.

Mo mọ̀ pé yóò dà bí àsọdùn létí ẹni tí kò mọ bàbá mi. Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè díẹ̀ kó tó jókòó, kí orúnkún aṣọ má baà wú. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wọ bọ́ọ̀sì kó tó ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, tòkunbọ̀ aláwọ̀ ewé kan tó ń dán bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi wọ́n. Lọ́jọ́ tó gbé e wọlé, Ìyá Àgbà gbàdúrà lé e lórí títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá, Mọ́mì sì da omi tútù sídìí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mọ́mì ní ibi àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ náà máa gbé òun lọ ni ilé Àǹtí Bọ́lá, àbúrò òun, ní Ìgándò, nítorí ó ti lé lọ́dún kan tí òun ti fojú kàn án gbẹ̀yìn. Dádì ní kò sí wàhálà, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni. Ọjọ́ Àìkú dé, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Dádì wo ẹrẹ̀ tó wà lójú títì, ó wo ọkọ̀ rẹ̀, ó ní kí a jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ ná. Lọ́sẹ̀ kejì ilẹ̀ gbẹ, ó ní eruku ti pọ̀ jù. Lọ́sẹ̀ kẹta, kò sí ẹrẹ̀, kò sí eruku, ṣùgbọ́n ó ti rìn lọ wo ọ̀nà náà fúnra rẹ̀, ó sì ka kòtò tó wà láàárín ilé wa àti títì ńlá, iye tó kà kò sì jẹ́ kó lè jẹ oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé Dádì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń sinmi nílé.

Ìsinmi náà kò rọrùn. Ibì kan ṣoṣo tó ṣófo nínú ọgbà wa, abẹ́ igi fúrúùtù ni, igi sì ni igi náà. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àwo, èso rẹ̀ máa ń já lulẹ̀ gbì, àwọn ẹyẹ tó ń jẹ èso náà kò sì mọ ibòmíràn tí wọ́n lè gbọnsẹ̀ sí. Dádì kọ́kọ́ bẹ onílé wa, Àlájì, pé kí ó jẹ́ kí a gé ẹ̀ka díẹ̀. Àlájì dáhùn pé igi ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé, pé àlejò kì í dé kó ní kí wọ́n gé onílé lọ́wọ́. Ìgbà náà ni Dádì sọ fún wa nídìí oúnjẹ alẹ́ pé òun máa ra ohun tí wọ́n fi ń bo ọkọ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sọ pé òun máa fẹ́ ìyàwó kejì. Mọ́mì kàn ń bu ọbẹ̀ sórí ẹ̀bà rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù orí tírélà ló kọ́kọ́ gbé wálé. Ó nípọn, ó wúwo, ó ń rùn bí ẹja gbígbẹ, àwa mẹ́ta la sì jọ fà á bo ọkọ̀. Kò sí ẹyẹ tó lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi òjò tó ráyè wọ abẹ́ rẹ̀ kò ráyè jáde, ooru ọ̀sán sì se ọkọ̀ náà pọ̀ mọ́ omi, tó fi jẹ́ pé nígbà tí Dádì ṣí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti yọ funfun-funfun bí ara ọmọ tí ooru mú. Adìẹ Ìyá Àgbà sì ti yé ẹyin mẹ́fà sẹ́yìn táyà. Dádì tẹ méjì níbi tó ti ń sáré wá aṣọ ìnu. Ìyá Àgbà ṣa mẹ́rin tó kù sínú ìró rẹ̀, ó ní ẹ má bínú jàre, ó kéré tán ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú nǹkan wọlé.

Èkejì wá láti Dópẹ́mù, aláwọ̀ fàdákà, tí wọ́n ká sínú àpò kékeré kan. Ẹni tó tà á búra pé kò sí ọkọ̀ tí kò bá mu. Ó mu ú lóòótọ́, á sì tún mu ọkọ̀ mìíràn tí a bá gbé tì í, nítorí ọkọ̀ jíìpù ni wọ́n ṣe é fún. Fúlẹ́fúlẹ́ ni, bí àpò ike. Ní ọ̀sán Sátidé kan tí ìjì díẹ̀ jà ṣáájú òjò, ó wú bí bàlúù, ó gbéra nílẹ̀, ó fo ògiri, ó bọ́ sínú ilé ìjọsìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, níbi tí ẹgbẹ́ akọrin ti ń kọ́ orin. Olùdarí wọn ló balẹ̀ sí lórí. A gbọ́ tí àwọn sópránò dákẹ́, àwọn báàsì ṣì ń kọrin lọ nítorí pé wọ́n dijú. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló dá a padà. Ó ti ká a dáadáa, ó kí wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì bẹ Dádì pé nígbà mìíràn kí ó jọ̀wọ́ máa so ẹrù rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mẹkáníìkì kan tó ní ṣẹ́ẹ̀dì sí ìtòsí ibùdókọ̀ Pleasure ló wá la Dádì lójú. Ó ṣàlàyé fún un pé ohun tí a fi ń bo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ nínú kó má baà ha ọ̀dà, ó gbọ́dọ̀ máa mí kí omi lè gbẹ lábẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣe rẹ́gí kí afẹ́fẹ́ má rí ojú ọ̀nà wọlé, kí ó sì ní okùn tó gba abẹ́ ikùn ọkọ̀ kọjá. Ó tún ní kí a má ṣe bo ọkọ̀ tí eruku bá wà lára rẹ̀, nítorí eruku pẹ̀lú aṣọ, bébà tí káfíńtà fi ń ha pákó ni. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè nípa aṣọ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ni mo máa ń sọ bí ẹni pé èmi ni mo ronú rẹ̀. Dádì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó lọ bá Bàbá Télọ̀.

Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n wá wọn ọkọ̀. Bàbá Télọ̀ kò rán nǹkan mìíràn rí àfi aṣọ ọkùnrin, kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó yí ọwọ́ padà. Ó wọn èjìká, ó wọn àyà, ó wọn gígùn, ó ń pe iye rẹ̀ fún mi kí n máa kọ ọ́ sẹ́yìn páálí sìgá. Nígbà tó dé ìbàdí, ó dúró, ó béèrè lọ́wọ́ Dádì bóyá kí òun fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọjọ́ iwájú. Dádì sọ fún un pé ọkọ̀ kì í sanra. Bàbá Télọ̀ mi orí, ó ní gbogbo oníbàárà òun ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi rán an. Káákì ni ìta rẹ̀, òwú rírọ̀ ni inú. Ó ní apá méjì tí dígí ẹ̀gbẹ́ ń wọ̀, ó ní okùn ìdí bíi ti ṣòkòtò, ó ní bọ́tìnnì ogójì láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì gùn dé ilẹ̀ tí a kò fi rí táyà mọ́. Ó tún ní àpò kékeré kan ní àyà òsì. Dádì béèrè kí ni ọkọ̀ fẹ́ fi àpò ṣe. Bàbá Télọ̀ wo àpò náà, ìyàlẹ́nu hàn lójú òun náà, ó ní ọwọ́ òun ló rán an. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Ìyá Àgbà jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó rí ohun ńlá kan tó wọ káákì dúró lábẹ́ igi, ó sì kúnlẹ̀ kí i. Nígbà tí a rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló ń pa wá lẹ́rìn-ín, ṣebí aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn.

Aṣọ náà dára. Kò wú, kò fò, kò gbọ̀n. Ohun kan ṣoṣo tó burú níbẹ̀ ni pé kí Dádì tó tú bọ́tìnnì ogójì, kó tú okùn ìdí, kó yọ apá méjèèjì, kó ká a, ẹni tó ń lọ Ìgándò nínú bọ́ọ̀sì á ti dé ibẹ̀, á ti jẹun, á sì ti ń múra àtibọ̀. Nítorí náà kì í tú u. Ó tilẹ̀ pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i wò. Mọ́mì, nọ́ọ̀sì tó máa ń fẹsẹ̀ rìn dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú bàtà funfun tó ti pọ́n, dúró wò ó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Dádì ń gbá ewé kúrò lórí aṣọ ọkọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tuntun. Ó ní, "Bàbá Títí, ọkọ̀ tí a ní kó máa gbé wa, àwa la wá ń gbé e." Dádì ní kí ó fara balẹ̀. Mọ́mì wọlé, kò sì dárúkọ Ìgándò mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo rò nígbà yẹn pé ó ti gbàgbé ni. Ní báyìí tí èmi náà ti jẹ́ ìyàwó ilé, mo mọ ohun tó ń jẹ́ kí obìnrin dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan.

Ọkọ̀ mìíràn tún wà nínú ọgbà náà, lẹ́bàá kànga. Ayálégbé kan tó ti kó lọ kí a tó dé ló fi í sílẹ̀, ó sì ti kú tipẹ́tipẹ́. Táyà rẹ̀ ti wọnú ilẹ̀, kò sí ẹ́ńjìnnì níkùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó wà nílé wa, kò sí èyí tó wúlò tó o. Ìyá Àgbà ń sá ata sórí rẹ̀, Mọ́mì ń sá aṣọ sórí ilẹ̀kùn rẹ̀, èmi ni mo sì ń wà á. Mo ti fi kọ́tìnnì sí fèrèsé rẹ̀, mo kó ìkòkò ìṣeré mi sí àga ẹ̀yìn, mo sì ń gbé e lọ Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nígbà ọlidé.

Nínú ọlidé náà ni Àlájì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kó tó lọ, ó ti bá àwọn tó ń ra irin àlòkù ní Dópẹ́mù sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá gbé òkú ọkọ̀ kan nínú ọgbà òun, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n wá, ní ọ̀sán. Bàbá Télọ̀ àti àwọn ọkùnrin ilé ti lọ kírun Jímọ̀, Dádì àti Mọ́mì wà níbi iṣẹ́, Ìyá Àgbà jẹ ẹ̀wà tán, ó sùn lórí ẹní rẹ̀. Ọkùnrin méjì ló sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ kan tó ní ìkọ́ ńlá lẹ́yìn. Wọ́n wo ọkọ̀ tí ata àti aṣọ wà lórí rẹ̀, tí kọ́tìnnì wà ní fèrèsé rẹ̀. Wọ́n wo ohun tó wọ káákì lábẹ́ igi, tí ewé ti bẹ̀rẹ̀ sí í bò. Èyí tó dàgbà nínú wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó ní Àlájì ní kí àwọn gbé èyí tí kì í kúrò lójú kan, èwo ni nínú méjèèjì?

Mo ti ronú sí ìdáhùn mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mi ò sì tíì rí ibi tó ti jẹ́ irọ́. Mo sọ fún un pé àwa ń lo èyí tó wà lẹ́bàá kànga lójoojúmọ́, pé ti abẹ́ igi kò jáde rí látìgbà tó ti dé. Ó béèrè bóyá àwọn lè ṣí i wò. Mo ní Dádì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Èkejì rẹ̀ wo bọ́tìnnì, ó wo apá méjèèjì, ó sọ pé òun kò rí òkú tí wọ́n wọ aṣọ fún tó báyìí rí. Mo bá wọn yọ òkúta tí Dádì fi há táyà, mo ṣí géètì fún wọn, mo sì kí wọn pé ó dàbọ̀.

Mọ́mì ló kọ́kọ́ dé. Ó dúró ní ẹnu géètì, ó wo abẹ́ igi fúrúùtù tó ṣófo, ó gbé báàgì rẹ̀ lé àyà. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọkọ̀ ti jáde, mo ní bẹ́ẹ̀ni, ó ti jáde. Kò béèrè nǹkan mìíràn. Ó sáré wọlé, mo gbọ́ tí omi ń dà ní balùwẹ̀, mo gbọ́ orin. Nígbà tó jáde, ó ti wọ léèsì aláwọ̀ òféfèé tó máa ń wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, ó ti wé gèlè, ó ti di moínmoín mẹ́wàá tó sè lánàá sínú kúlà, ó wọ̀ mí ní aṣọ ìjọsìn mi. A gbé àga sí ẹnu géètì. Ó jókòó bí ìyàwó tuntun, ó ń wo ọ̀nà.

Dádì fẹsẹ̀ rìn dé. Ó rí Mọ́mì lókèèrè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó béèrè ibi tó ń lọ tó fi dára tó báyìí. Mọ́mì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wá ọkọ̀. Ó ní, "Níbo lẹ gbé e sí?" Dádì ní, "Gbé kí ni?" Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì sọ fún wọn pé àwọn ọkùnrin Àlájì ló gbé e. Dádì wo abẹ́ igi náà. Ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè díẹ̀, ó rọra jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú eruku.

Bàbá Télọ̀ ló pe Àlájì lórí fóònù. Àlájì kọ́kọ́ bínú pé ta ló gbé ọkọ̀ ayálégbé òun, ó wá rántí àwọn tí òun rán níṣẹ́, ó sì sọ ibi tí àgọ́ àwọn tó ń ra irin náà wà. Àwa mẹ́rin, Dádì, Mọ́mì pẹ̀lú gèlè, Bàbá Télọ̀ pẹ̀lú tépù lọ́rùn, àti èmi tí mo gbé kúlà lé itan, há ara wa sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a forí lé Dópẹ́mù. Ní gbogbo ọ̀nà, Dádì ń sọ jẹ́jẹ́ pé wọ́n á ti gé e, wọ́n á ti gé e. Mọ́mì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ohun tí mo ṣe kì í ṣe eré.

Wọn ò tíì gé e. Ó dúró láàárín àwọn òkú ọkọ̀ tó ti pọ́n, ó wọ káákì rẹ̀ bí ọ̀gá ṣọ́jà, àwọn ọkùnrin méjì yẹn jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, òógùn bò wọ́n. Bọ́tìnnì mọ́kànlá péré ni wọ́n tíì tú. Bàbá Télọ̀ wò ó, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ohun tí a bá wá. Ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òwú méjì ni òun fi rán ìdí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ni àgọ́ náà, obìnrin kan tó sanra tí wọ́n ń pè ní Ìyá Onírin, ní kí Dádì ka nọ́ńbà ọkọ̀ náà kí wọ́n tó ṣí i. Dádì kà á láìmí. Bàbá Télọ̀ tú bọ́tìnnì tó kù fúnra rẹ̀, ó yọ apá méjèèjì, ó fa aṣọ náà kúrò.

Àwọ̀ ewé náà ń dán láàárín gbogbo ìpẹtà yẹn. Àwọn ọkùnrin náà dìde. Ẹni tó dàgbà nínú wọn ní ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ló sọ fún wa pé kì í jáde. Dádì wò mí, ó béèrè bóyá mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ni, sà. Ó mi orí, ó ní òótọ́ ló sọ.

Ìyá Onírin rìn yí ọkọ̀ náà ká, ó wo táyà, ó wo inú. Ó ní, "Ọ̀gá, kí ló ṣe é tí kì í jáde?"

Dádì yíjú kúrò lára ọkọ̀. Ó wo Mọ́mì, ó wo léèsì tó ti rún nínú kẹ̀kẹ́, ó wo kúlà tó wà lọ́wọ́ mi. "Kò sí ohun tó ṣe é," ni ó sọ nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún Mọ́mì.

Ọkọ̀ kò dáhùn nígbà tó yí kọ́kọ́rọ́, bátìrì ti sùn jù. Ìyá Onírin pàṣẹ fún àwọn ọkùnrin méjì yẹn kí wọ́n tì í, wọ́n sì tì í jáde sójú títì pẹ̀lú agídí títí ẹ́ńjìnnì fi wúkọ́, tó sì jí. Mo rò pé ilé la máa yà sí. Dádì kọjá ibi tó yẹ kó yà. Bàbá Télọ̀, tó wà lẹ́yìn pẹ̀lú mi tó di káákì mọ́ra, sọ fún un pé a ti kọjá o, Dádì ní òun mọ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a kọjá Ìdímù. Bọ́ọ̀sì kan sáré wọ inú kòtò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó fi ẹrẹ̀ bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ wa láti òkè délẹ̀. Gbogbo wa yíjú wo Dádì. Dádì tan ohun tó ń nu dígí, ó sì ń wà lọ.

Òjò ti dá nígbà tí a dé Ìgándò, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú. Àǹtí Bọ́lá sáré jáde pẹ̀lú ìbẹ̀rù, nítorí ẹni tó bá dé láìsọ tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tó kún fún ẹrẹ̀, ìròyìn ikú ló sábà máa ń gbé wá. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú léèsì, ó rí Dádì tí ìpẹtà wà ní ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó rí ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí tó gbé òkìtì aṣọ mọ́ra. Ó béèrè ayẹyẹ tí a ti ń bọ̀. Mọ́mì fẹ́ dá a lóhùn, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀, títí tí kò fi lè dúró mọ́, ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀, ó jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó tutù fún òjò, léèsì rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Dádì rìn wá bá a. Mo rò pé ó máa ní kó dìde. Ó fọwọ́ nu ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì jókòó tì í.